Púlọ́ọ̀gì Mẹ́jọ Tí Mo Gbé Lọ sí Niamey

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí ìyá mi ti dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò gàrí. Wọ́n ní gàrí náà ò gbọdọ̀ rí omi títí yóò fi dé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n àwọn ní Niamey. Mo ní, "Ìyá mi, ṣé ẹ mọ̀ pé gàrí kọ́ ni mò ń bá lọ?" Wọ́n ní gàrí ni mò ń bá lọ, kí n wá ibì kan fi èyí tó kù há sí.

Èyí tó kù náà ni púlọ́ọ̀gì ọkọ̀ òfúrufú mẹ́jọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Èmi Gàníyù, tí mò ń tún ọ̀kadà ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́, ni wọ́n rán. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Niamey, ti ń ta aṣọ ní Grand Marché, ọjà ńlá ìlú náà, láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn. Mọ̀ríámọ̀ ọmọ wọn, tí wọ́n bí síbẹ̀, ń tún ọkọ̀ òfúrufú kéékèèké ṣe. Ọkọ̀ àtijọ́ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ọkùnrin tó ni ín ti tà sí òkèèrè, ọjọ́ Àìkú ni àwọn tó rà á ń bọ̀ wá gbé e. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ni ín náà ti ṣèlérí pé òun á gbé Bàbá fò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láàárọ̀ Sátidé, kí ọkọ̀ náà tó lọ. Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ti gbó, wọn ò sì rí tuntun rà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìlọrin bá wa rí tuntun rà, mẹ́jọ géérégé, kò sí ẹ̀kẹsàn-án.

Ọjọ́bọ̀ ni mo gbéra. Ní Jẹ́bà a gun afárá Odò Ọya. Mo wo omi náà lẹ́ẹ̀kan, mo padà sídìí ẹ̀pà mi. A gba Mòkwá àti Kòǹtàgórà kọjá, a sùn ní Birnin Kebbi. Lọ́jọ́ kejì a dé Kamba, níbi tí ilẹ̀ Nàìjíríà parí sí.

Lódìkejì ni aṣọ́bodè ti tú páálí tí púlọ́ọ̀gì wà. Ó yọ púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan nínú ike rẹ̀, ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tún pe ọ̀gá. Wákàtí kan gbáko! Ni mo bá dá ọgbọ́n kan. Mo mú ẹyọ kan, mo fi sí àpò àyà bùbá mi. Ike rẹ̀ tilẹ̀ sọnù sínú mọ́tò. Bí wọ́n bá ti dá wa dúró báyìí, màá fà á yọ: "Búzì ni o!" Búzì ni wọ́n ń pe púlọ́ọ̀gì níbẹ̀. Wọn á ní kí n máa lọ. Mo gbọ́n, àbí mi ò gbọ́n?

Láti Gaya dé Dosso, ilẹ̀ tẹ́jú débi pé èèyàn á rí ràkúnmí kí ràkúnmí tó rí i. Nílé, awakọ̀ wa á ti máa bá ọlọ́pàá jà kó tó dúró. Awakọ̀ ti ibí yìí kí ọlọ́pàá, ó kí ará ilé ọlọ́pàá, ó béèrè bí ooru ṣe ń ṣe é. Mo bi í léèrè bóyá ìbátan rẹ̀ ni. Ó ní, "Rárá o, mi ò rí i rí."

Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni mo wọ Niamey. Mo san igba sẹ́fà, owó ibẹ̀, fún takisí tó ń kó èrò káàkiri, ó já mi sí Boukoki, àdúgbò Bàbá. Bàbá wà lórí àga nínú àgbàlá. Àwọn ọmọ ibẹ̀ a máa tẹ̀ díẹ̀, wọn á bọ àgbà lọ́wọ́, ó parí. Èmi ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, mo nà gbalaja. Púlọ́ọ̀gì yọ jáde lápò àyà mi, ó lu sìmẹ́ńtì, kàn-ín! Mo sáré mú un, mo fẹ́ eruku orí rẹ̀, mo nù ún mọ́ ṣòkòtò, mo sọ ọ́ padà sínú páálí. Ti ọ̀kadà ń já bọ́ lọ́wọ́ mi lójoojúmọ́, kí ló ṣe é?

Wọ́n fi dàńbù ṣe mí lálejò, jéró tí wọ́n pò mọ́ ewé, ó dùn ju bí mo ṣe rò lọ. Bàbá ń bi mí nípa ilé kọ̀ọ̀kan ládùúgbò wa. Ẹsẹ̀ wọn ti burú débi pé wọn ò lè jókòó sínú mọ́tò ju wákàtí kan lọ. Ìrìn ọjọ́ méjì wá sílé ti kọjá agbára wọn, wọn ò sì tíì rí ìyá mi láti ọdún mẹ́wàá.

Láàárọ̀ Sátidé, ní pápá ọkọ̀ òfúrufú, Mọ̀ríámọ̀ ṣí kapó ọkọ̀ náà, bọ́nẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Sílíńdà mẹ́rin ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lo púlọ́ọ̀gì méjì. Ó tú àwọn àtijọ́, ó tò wọ́n sórí pákó oníhò. Ó fi wásà bàbà tuntun sí ìdí èyí tó fẹ́ wọ̀, ó kun gíríìsì dúdú díẹ̀, ó fi ìka yí i títí tó fi jókòó, kó tó mú sípánà tó máa ń dún tó bá ti le tó. Èmi, tí mo bá ń dè púlọ́ọ̀gì, eyín mi ló máa ń sọ pé ó ti tó.

"Doucement, Bùọ̀dá," ló ń sọ fún mi, jẹ́jẹ́ nìyẹn.

Nígbà tó ku ẹyọ kan, ó ní, "Ike tiẹ̀ dà?"

Mo ní ó sọnù lọ́nà. Irọ́ kọ́ nìyẹn o. Ó gbé e fún mi pé kí n fi ọwọ́ ara mi wọ̀ ọ́, torí mo ti ọ̀nà jíjìn wá. Inú mi dùn. Mo ti ń fi ìka yí i nígbà tó ní, "Ẹ dì í mú dáadáa. Búzì tó bá já bọ́, ó ti kú, bó tilẹ̀ jẹ́ tuntun. Inú rẹ̀ lè sán kí ojú má rí i. À ń jù ú nù ni."

Ọwọ́ mi dúró. Bàbá jókòó lórí àga oníke pẹ̀lú aṣọ funfun, wọ́n fọwọ́ di fìlà mú nítorí atẹ́gùn. Mùsíọ̀ Seyni tó ni ọkọ̀ ti kìlọ̀ pé tí aago mẹ́sàn-án bá lù, ooru á ti dé, òun ò ní fò mọ́. Aago mẹ́jọ ti kọjá. Tí mo bá dákẹ́, ta ló máa mọ̀? Méje á sáà gbé e. Àmọ́ ta ló máa jókòó sínú rẹ̀? Ẹ̀rù bà mí, ojú sì tì mí.

"Mọ̀ríámọ̀, èyí já bọ́."

"Nígbà wo?"

"Lánàá. Ìgbà tí mo dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá."

Ó gbà á, ó gbé òòlù, ó fọ́ ọ yángá kí ẹnì kankan má baà ṣèèṣì lò ó. Àfọ́kù náà wà ní ṣọ́ọ̀bù mi títí dòní. Bàbá ní, "Èmi lo dọ̀bálẹ̀ fún, àbí? Ẹ̀bi mi ni nígbà náà." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣí fìlà, wọ́n gbé e lé itan bí ẹni tó fẹ́ máa lọ sílé. Fìlà yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Mọ̀ríámọ̀ padà sídìí àwọn àtijọ́. Ó fi iná wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mú èyí tó sàn jù, ó fọ̀ ọ́, ó wọn ẹnu rẹ̀, ó dán an wò bóyá ó ń ṣáná. Ó ní, "Èyí ṣì lè ṣiṣẹ́." Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni kapó padé. Fáànù iwájú ọkọ̀ yí, ó húkọ́, ó tún húkọ́, ni ó bá gbà! Mo pariwo bí ọmọdé. Mọ̀ríámọ̀ fetí sí i fún ìgbà díẹ̀, ó mi orí pé ó dára. Àwa mẹ́ta la gbé Bàbá wọnú ọkọ̀.

Mi ò mọ iye ìṣẹ́jú tí wọ́n lò lókè. Nígbà tí wọ́n balẹ̀, Bàbá di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, "Mo rí Odò Ọya. Ó dé ibì kan, ó yà, ó kọjú sọ́nà ilé. Mo wò ó títí mi ò fi rí i mọ́."

Ìgbà yẹn ló yé mi, odò Jẹ́bà ni! Mo sunkún, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́.

Lọ́jọ́ Ajé mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ dágbére. Bàbá nawọ́, "Dúró! Kọ́kọ́ tú àpò rẹ wò." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Lórí afárá Jẹ́bà, mo bẹ awakọ̀ pé kó rọra. Ó bi mí bóyá nǹkan já bọ́. Mo ní rárá, ẹnì kan ló ní kí n bá òun kí odò.

Ìyá mi ò tíì jẹ́ kí n jókòó tí wọ́n fi béèrè gàrí wọn. Mo ní kò rí omi. Mo wá ròyìn gbogbo rẹ̀, láti orí sìmẹ́ńtì Boukoki dé orí odò.

"Púlọ́ọ̀gì tó já bọ́ yẹn, ṣé kí ẹ̀gbọ́n mi tó gòkè lo ti sọ fún wọn, àbí ìgbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀?"

"Kí wọ́n tó gòkè ni, Ìyá mi."

"Lọ fọwọ́ rẹ, kí o wá jẹun."