Awò Orí Ìbọn Verl

Oṣù kẹta ni ọkọ̀ Verl Ostrem dojú dé nínú yìnyín, lójú ọ̀nà kànga epo. Verl kú. Ìbọn rẹ̀ wà lẹ́yìn ìjókòó. Ara igi rẹ̀ bó díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pá rẹ̀ ṣì tọ́. Awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀ọ́kán lórí rẹ̀ ló fọ́, awò olówó gọbọi tí Verl fi ọdún mẹ́ta tọ́jú owó rà.

Dallan ọmọ rẹ̀ ló lọ kó ẹrù inú ọkọ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógún ni. Wẹ́dà ni lọ́dọ̀ àwọn elépo. Ó kó àfọ́kù awò náà sínú fìlà bàbá rẹ̀, ó gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sọ fún ẹnì kan.

Ẹgbẹ́ ayìnbọn Harlan Draw, ní Wyoming níbẹ̀, ní àṣà kan. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú, oṣù kẹfà tó bá tẹ̀ lé e, wọ́n á tẹ́ ẹní rẹ̀ síbi tó máa ń dùbúlẹ̀ sí yìnbọn. Ará ilé rẹ̀ kan á dùbúlẹ̀ síbẹ̀, á yin ọta márùn-ún sí páànù irin tó wà ní ẹgbẹ̀rún yáàdì. Bí mẹ́ta bá bà á, ẹní di ti ilé náà, ìbọn á padà sílé. Bí kò bá pé mẹ́ta, wọ́n á gbé ìbọn sórí tábìlì oúnjẹ ọ̀sán, ẹgbẹ́ á fowó dù ú láàárín ara wọn, owó á di ti opó. Wọ́n ní àánú ni.

Junelle, ìyá Dallan, ti fọwọ́ síwèé àdéhùn náà.

"Ẹ ti fọwọ́ sí i, Mọ́mì?"

"Tibbets, olórí ẹgbẹ́, ló gbé e wá. Mi ò lè máa wo ìbọn yẹn, Dallan. Bí mo bá ti ṣí kọ́bọ́ọ̀dù báyìí, mo tún gbọ́ fóònù ọjọ́ yẹn."

"A ò tà á."

"Bó o bá lè fi bà á, gbé e. Bó ò bá lè bà á, kó kúrò nílé mi."

"Màá bà á."

"Awò wo lo fẹ́ fi bà á?"

Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ gan-an nìyẹn. Ìbọn tó ń yìn dé ẹgbẹ̀rún yáàdì, tí kò ní awò, ọ̀pá lásán ni. Owó tó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju ọ̀ọ́dúnrún dọ́là lọ.

Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù Hattie Kimmel. Ìyá àgbà ni Hattie, òun ló ń ta ìbọn àti ọta ní ìlú náà, òun náà ló ń kọ máàkì fún ẹgbẹ́. Royce Tibbets wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Dókítà eyín ni Tibbets, òun ni olórí ẹgbẹ́. Ojú rẹ̀ ti wà lára ìbọn Verl láti ìgbà tí Verl ti wà láàyè.

"Ọmọ Verl," ó ní, "mo gbọ́ pé o ń wá awò. Èló lo ní?"

"Ó tó mi."

"Èyí tí kò bá tó ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là, màlúù aládùúgbò ni kó o máa fi wò. Má dààmú ara ẹ. Màá sanwó gidi fún ìyá ẹ."

"Dókítà," Hattie ní, "eyín lẹ mọ̀. Ẹ jẹ́ kọ́mọ rajà."

Hattie gbé àwo kan jáde lábẹ́ káńtà. Àlòkù awò ló kún inú rẹ̀. Ó ní kí Dallan mú mẹ́ta lọ sílé, kó dá méjì padà. Dallan mú ọ̀kan tó ń dán, tó ń sún nǹkan mọ́ni ní ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó mú èkejì tó jọ ọ́. Ẹ̀kẹta burẹ́wà. Ọ̀dà rẹ̀ ti bó, ẹnì kan ti fi ìṣó ha K.L. sí i nídìí, kò sì lè ju ìlọ́po mẹ́wàá lọ.

Tibbets rí i. "Mẹ́wàá? Awò tí màmá mi àgbà fi ń ka Bíbélì jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ẹ bá mi kí wọn," ni Dallan wí. Ó jáde.

Ohun kan wà tí Verl máa ń sọ, tí Dallan kì í fetí sí nígbà náà. Verl á ní, bí o bá fẹ́ ra awò, má bi í pé kí ló rí. Bi í bóyá ó ń purọ́. Dallan ti máa ń rò pé ìwà ahun ló ń dà á láàmú.

Ó jó irin ìdúró kan pọ̀ lẹ́yìn ilé ẹran, tó jẹ́ pé bí ó bá gbé ìbọn lé e, ìbọn kò ní mì. Ó gbé pátákó gíga kan kalẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún yáàdì. Ó so nọ́ọ̀tì ńlá mọ́ okùn, ó jẹ́ kí okùn náà rọ̀ tọ́ọ́rọ́, ó fa ìlà tẹ̀ lé e láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kókó kan wà lórí awò tí wọ́n ń yí. Ní ẹgbẹ̀rún yáàdì, ọta á ti wálẹ̀ débi pé èèyàn gbọ́dọ̀ yí kókó náà gòkè ní àmì ọgbọ̀n. Iṣẹ́ Dallan ni kó yìn ín nísàlẹ̀, kó yí i ní àmì ọgbọ̀n, kó tún wo ojú ibi ìsàlẹ̀ kan náà yìn ín, kó sì fi téèpù wọn bó ṣe gòkè tó.

Ó kọ́kọ́ de èyí tó ń dán. Ó yìn ín, ó yí i, ó tún yìn ín. Ó fi téèpù wọ̀n ọ́n. Ọgbọ̀n ínṣì géérégé.

Inú rẹ̀ dùn. Ó ti ń gbé ìbọn kúrò lórí irin kó tó rántí ìwé kékeré bàbá rẹ̀. Ó wọlé lọ mú un. Ohun tí Verl fi pẹ́ńsù kọ níbẹ̀ nìyí: *Gbogbo wọn ń pe àmì kan ní ínṣì kan ní ọgọ́rùn-ún yáàdì. Kì í ṣe ínṣì kan. Ó lé díẹ̀. Ọgbọ̀n gbọ́dọ̀ fún ọ ní mọ́kànlélọ́gbọ̀n àti ààbọ̀, bí kò bá tiẹ̀ pé ààbọ̀ tán.*

Ìdajì ẹgbẹ́ ló ń ṣe àṣìṣe yẹn. Ínṣì kan àti díẹ̀ tó dín ní ọgọ́rùn-ún yáàdì yìí, tó bá fi máa dé ẹgbẹ̀rún, á ti di ínṣì mẹ́rìnlá. Páànù irin náà kò tóbi ju táyà ọkọ̀ kékeré lọ. Abẹ́ rẹ̀ ni ọta á ti gúnlẹ̀.

Dallan tún un yìn. Lọ́tẹ̀ yìí, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Èèyàn lè fara da irọ́ tó bá dúró lójú kan. Ti eléyìí kò dúró. Ó tú u.

Èkejì gòkè dáadáa. Nígbà tí ó yí kókó padà sílẹ̀, ọta kò padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó tú òun náà.

Ó de èyí tó burẹ́wà. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n àti ààbọ̀, ó kù fẹ́ẹ́. Ó yí i padà. Ọta wọnú ihò àkọ́kọ́. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni kò yẹ̀. Dallan jókòó sórí koríko, ó di ìwé bàbá rẹ̀ mú.

Nígbà tó dá méjì padà, Hattie gba igba àti ọgọ́ta dọ́là lọ́wọ́ rẹ̀. "Ta ló ń jẹ́ K.L.?" ni Dallan bi í.

"Adaran àgùntàn kan ni. Kì í sọ̀rọ̀. Kì í tàsé náà."

Ọjọ́ Sátidé kejì oṣù kẹfà, oòrùn mú láti àárọ̀. Ìyá Dallan bá a lọ, ṣùgbọ́n ó jókòó sínú ọkọ̀, ó ti gíláàsì sókè. Wọ́n ti tẹ́ ẹní Verl sílẹ̀, ìkeje lórí ìlà. Hattie fi ṣọ́ọ̀kì kọ OSTREM sórí pátákó, ó ya ojú márùn-ún síwájú rẹ̀, ọ̀kan fún ọta kọ̀ọ̀kan.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ yìn tiwọn, Tibbets ló sì ṣíwájú. Awò rẹ̀ lè sún nǹkan mọ́ni ní ìlọ́po ọgbọ̀n, ó sì fi gbogbo rẹ̀ wò. Ooru ti ń jó lórí pápá, páànù wá ń yọ́ lójú awò rẹ̀ bí ọ̀rá nínú agbada. Kó tó ronú láti dín ìlọ́po kù, ọta mẹ́ta ti ṣòfò. Ó bú ooru.

"Ó ń jó níwájú ẹ náà," ó sọ fún Dallan bí wọ́n ti pàdé.

"Kó máa jó. Èmi ò wá wòran."

Dallan dùbúlẹ̀. Ó yí kókó, ó ń kà á lábẹ́lẹ̀ títí ó fi pé ọgbọ̀n. Páànù kéré nínú awò rẹ̀, bí ẹ̀wà funfun, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ mì. Ó yìn ín. Erùpẹ̀ sọ lápá òsì. Atẹ́gùn. Ó sún sápá ọ̀tún díẹ̀. Ó yìn ín. Ó máa ń pẹ́ kí ìró tó dé. Ó dé: gọọ́n. Ẹ̀kẹta náà dún. Ẹ̀kẹrin, ó kánjú, erùpẹ̀ tún sọ.

"Tábìlì ti wà nílẹ̀," Tibbets sọ fún ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, sókè.

Dallan fẹ́ yìn ín lójú ẹsẹ̀, kó fi pa Tibbets lẹ́nu mọ́.

"Òkò àbínújù kì í pẹyẹ, Dallan," Hattie ní, kò gbójú sókè. "Ìṣẹ́jú méjì ló kù fún ọ."

Ó yọ ìka kúrò lórí ohun ìyìnbọn. Ó wo koríko. Atẹ́gùn ń tẹ̀ ẹ́, ó ń dìde, ó tún ń tẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti dùbúlẹ̀ síbí fún ọdún mọ́kàndínlógún. Ihò ìgúnpá rẹ̀ ṣì wà nínú erùpẹ̀, ìgúnpá Dallan sì wọ inú rẹ̀. Koríko dìde. Dallan fa ohun ìyìnbọn.

Ó dúró de ìró.

Gọọ́n.

Hattie fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kẹta. Tibbets rìn wá, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó dáa. Tú nǹkan yẹn kúrò lórí rẹ̀, màá fún ọ ní ọ̀kan nínú tèmi. Kò yẹ ìbọn Verl."

"Ẹ ṣé, Dókítà. Tiyín ń ríran ju tèmi lọ. Tèmi kì í purọ́."

"Hattie, ó kéré tán, ẹ pa Ostrem yẹn rẹ́, kẹ́ ẹ kọ orúkọ ọmọ sí i," Tibbets ní.

"Ẹ fi sílẹ̀," Dallan ní. "Bó ṣe wà yẹn lèmi náà ń jẹ́."

Ó yí kókó padà sílẹ̀, ó ń kà á, ọgbọ̀n, bí Verl ti máa ń ṣe kó tó dìde. Ó gbé ìbọn lọ sídìí ọkọ̀. Ìyá rẹ̀ ti sọ gíláàsì kalẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Mẹ́ta ni mo gbọ́," ó ní.

"Mẹ́ta ni."

Junelle wo ìbọn náà. Ó wo àlòkù awò orí rẹ̀ tó burẹ́wà. Ó mú kóòtù rẹ̀ lórí ìjókòó, ó nà án sí i.

"Fi wé e kó o tó gbé e sẹ́yìn," ó ní. "Kó má máa gbá kiri. Kó o sì rọra wa ọkọ̀."