Rédíò Ìyá Àgbà Tí Wọ́n Gbé Lọ Nígbà Opó

Àfojúdi kọ́ o. Títí di òní, tí ẹbí bá ti péjọ báyìí, wọ́n á ní èmi ni mo dójú ti Bàbá kékeré níwájú àwọn Àáfà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èmi ni mo gbé rédíò opó? Ó ń bí mi nínú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹ̀yin ọmọ ìsìnyí fúnra yín dá ẹjọ́ ẹ̀.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tá à ń wí yìí. Ajah ṣì jẹ́ yanrìn àti igi àgbọn. Kò sí VGC, kò sí Jakande, kò sí gétì kankan tí wọ́n á ti bi yín pé ta lẹ wá wá. Etí ọ̀sà ni abúlé wa wà. Apẹja ni Bàbá àgbà, Ìyá àgbà máa ń yan ẹja tà. Owó ẹja yẹn ni wọ́n fi ra rédíò, àwọn fúnra wọn. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó, wọ́n gbé e lé ẹsẹ̀ bọ̀ bí ọmọ tuntun. Tó bá ti rẹ bátìrì, a ó sá a sórí páànù pẹ̀lú ẹja. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Tí oòrùn bá mú un dáadáa, ó máa ń jí padà.

Eré kan máa ń wà lórí rédíò lẹ́yìn Àsárì: bàbá ahun kan àti ìyàwó méjì. Bàbá yìí máa ń ti ẹran mọ́nú àpótí. Bàbá àgbà á máa tún àwọ̀n ṣe, Ìyá àgbà á jókòó ti ààrò, wọ́n á máa bá rédíò jà.

"Irọ́ lò ń pa, bàbá yìí. Ìyàwó, wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Bàbá àgbà á ní, "Wọn ò gbọ́ ẹ o."

"Wọ́n ń gbọ́ mi. Ẹ ò rí i pé ó dákẹ́ ni?"

Bàbá àgbà wá kú. Ìyá àgbà wọ opó, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá nínú ilé. Mi ò bá ìyẹn jà, ẹ̀sìn wa ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹsàn-án, àbúrò Bàbá àgbà wọlé, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá kékeré. Wọ́n gbé rédíò. Wọ́n ní, "Opó kì í gbọ́ rédíò. Aráyé á ní inú ìyàwó wa ń dùn pé ọkọ ti lọ."

Ìyá àgbà ní, "Ó dáa, ọkọ mi." Bí ìyàwó ilé ṣe ń pe àbúrò ọkọ nìyẹn.

Ilé wá dákẹ́. Ìyá àgbà ò sunkún o, ògiri ni wọ́n ń wò. Òkèlè mẹ́ta, wọ́n á ní àwọn ti yó. Ẹsẹ̀ wọn ni mò ń sùn sí, mò ń rí wọn bí wọ́n ṣe ń gbẹ. Mo rò ó lọ́kàn mi pé tó bá jẹ́ báyìí, oṣù mẹ́rin yìí ò ní bá wọn láyé.

Lọ́jọ́ kan mo lọ pọnmi, mo gba ẹ̀yìnkùlé Bàbá kékeré. Kí ni mo gbọ́? Bàbá ahun. Rédíò opó ń sọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ̀kẹ̀, Bàbá kékeré jókòó tì í, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ikùn wọn ń mì. Mo sọ garawa kalẹ̀. Mo dúró gbọ́ ọ tán, mo sáré délé.

"Ìyá àgbà, ìyàwó kékeré ti rí kọ́kọ́rọ́ àpótí ẹran."

Wọ́n yíjú kúrò lára ògiri. "Níbo?"

"Nínú bàtà bàbá ahun."

"Mo mọ̀. Ṣebí mo ní kí wọ́n wo ìsàlẹ̀." Wọ́n wá ní, "Oúnjẹ dà?"

Ó parí. Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ dúró sẹ́yìn fèrèsé yẹn. Tí mo bá dé, èmi ni rédíò. Mo máa ń fi imú sọ̀rọ̀ bí bàbá ahun, mo máa ń wúkọ́ bí ìyáálé, kódà mo máa ń polówó ọṣẹ. Ìyá mi ń gbá mi létí pé mò ń pẹ́ lójú omi. Ó dùn mí, mo tún lọ.

Ọjọ́ àdúrà ogójì wá pé. Àáfà kún iwájú ilé, Ìyá àgbà wà nínú yàrá lẹ́yìn aṣọ fèrèsé. Bàbá kékeré dìde. Wọ́n ní, "Ẹ wo bí ilé yìí ṣe tòrò. Èmi ni mo gbé rédíò kúrò. Inú àpótí ló wà, kò tíì lanu látọjọ́ náà. Ọ̀dọ̀ mi náà ni yóò kúkú máa wà. Kí ni arúgbó obìnrin fẹ́ fi rédíò ṣe?"

Gbogbo èèyàn ní "Máṣàllàhù."

Ẹ̀jẹ̀ gun orí mi. Mo ní, "Bàbá kékeré, tí kò bá lanu, ta ló wá bá yín sọ̀rọ̀ lánàá tí ẹ fi rẹ́rìn-ín tí itọ́ fi pá yín lórí?" Mo bá ṣe ohùn bàbá ahun fún wọn níbẹ̀, gbogbo eré àná, látìbẹ̀rẹ̀. Àwọn Àáfà kéékèèké ń fi aṣọ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Àáfà àgbà bèèrè pé, "Ìyá, ta ló ni rédíò?"

Ohùn Ìyá àgbà jáde láti ẹ̀yìn aṣọ. "Owó ẹja mi ni, Àáfà."

Àáfà ní, "Ìlù àti ijó la ní kí opó fi sílẹ̀. Ta ló ní kó má gbọ́ ohùn èèyàn? Ẹ lọ gbé e wá."

Kó tó di Màgàríbì, rédíò ti wà lórí ìrọ̀rí Ìyá àgbà. Ìyá mi ṣì gbá mi létí, Bàbá kékeré ò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi kú. Ìyẹn ń dùn mí, mi ò ní parọ́.

Ìyá àgbà pẹ́ láyé. Nígbà tí ojú wọn ò ríran mọ́, tí gbogbo wa ti ṣí kúrò lábúlé, rédíò yẹn ló ń kí wọn káàárọ̀. Ẹ̀yin wá ń gbé fóònù kiri. Èèyàn márùn-ún nínú pálọ̀ kan, oníkálukú ki nǹkan sétí, ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín, èkejì ò mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Láyé ìgbà yẹn, rédíò kan ni gbogbo abúlé ń gbọ́. Tí ẹ bá gba ọ̀kan yẹn lọ́wọ́ arúgbó, ṣé ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ gbà?

Ẹ sọ fún mi. Ká ní ẹ̀yin lẹ dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, tí ẹ mọ ohun tí mo mọ̀, ṣé ẹ máa dákẹ́?