Bí Mo Ṣe Bá Òṣèré Kan Rojọ́ ní Nimbo

Mo rántí ìgbà tí mo jókòó síwájú ilé wa ní Nimbo, àdúgbò kan ní ìlú Bouaké ní Ivory Coast, fóònù lọ́wọ́ ọ̀tún, àwo àlòkó, ìyẹn dòdò, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú epo lórí itan, tí mo ń wá orúkọ obìnrin kan láàárín àwọn òṣèré tí wọ́n yàn fún àmì-ẹ̀yẹ fíìmù ọdún yẹn, tí n kò rí i. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo tún kà á láti ìsàlẹ̀ dé òkè, bí ẹni pé orúkọ náà lè gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Kò sí níbẹ̀. Wọ́n yan ọmọge kan tó jẹ́ pé irun ìpéǹpéjú àtọwọ́dá rẹ̀ nìkan ló ṣeré nínú fíìmù tirẹ̀. Wọ́n yan èyí tó kú kí ìtàn tó gbóná, tí gbogbo wa sì rí i tó ń mí lórí ibùsùn òkú. Wọ́n yan ẹnì kan tó sunkún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin tí ojú rẹ̀ gbẹ bí ilẹ̀ ọyẹ́. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ṣe ìyá arúgbó tó ń dúró de ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọn kò yàn án. Àlòkó tutù lórí itan mi, ọkàn mi ló wá ń dín dípò rẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́ nígbà náà, kí ẹ lè mọ ibi tí ìjà ti wá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní yunifásítì, òfin ni mo kọ́, n kò sì tíì rí iṣẹ́. Ẹni tó bá kọ́ òfin tí kò rí ẹjọ́ rò, gbogbo ayé ló di olùjẹ́jọ́ lójú rẹ̀. Mo ti fẹ̀sùn kan ọlọ́kadà tó gbé mi kọjá ibi tí mo ń lọ. Mo ti fẹ̀sùn kan ọkọ̀ tó ń lọ sí ìlú Béoumi tí awakọ̀ rẹ̀ ní òun ń gbéra nísinsìnyí, tí oòrùn fi wọ̀ sí wa lórí nínú gáréèjì. Mo ti bá aládùúgbò wa jà nítorí àkùkọ rẹ̀ tó ń kọ lásìkò tí kò tọ́ sí i. Ìyá mi máa ń wò mí, á mi orí, á ní, “Ọmọ yìí, bí o bá wọ àlùjáńnà, wàá ní ilẹ̀kùn ibẹ̀ ń dún.” Orúkọ tí wọ́n ń pè mí ládùúgbò ni Amòfin, n kò sì mọ̀ nígbà yẹn pé ẹ̀rín wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ti òṣèré yìí yàtọ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìyá mi ni. Ìyá mi ń ta abọ́ oníke ní ọjà, láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti gbé e wá sí Bouaké níyàwó. Nígbà tí ìyá tirẹ̀ kú nílé, àkókò ogun ni ní Bouaké níbí, ọ̀nà dí, ìròyìn gan-an kò tètè dé. Kò sin ìyá rẹ̀. Kò sí àwòrán, kò sí ohùn tí ẹnikẹ́ni gbà sílẹ̀. Àwọn àgbà ní àjò ò dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ohun tí onílé ó ṣe bí ó bá relé tí kò bá ẹnì kankan mọ́. Fíìmù yìí ló wá dé ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan. Ìyá mi ń jẹun, arúgbó inú fíìmù bú sẹ́kún lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pe ọmọ rẹ̀ tó lọ sí ìdálẹ̀. Ìyá mi gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó ní, “Ohùn ìyá mi nìyẹn.” Ó ní kí n dá a padà sẹ́yìn. Mo dá a padà. Láti ọjọ́ náà, ní gbogbo ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìrun Àsárì, òun àti ìyá Baoulé kan, ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀, tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa á jókòó ti fíìmù náà. Ìyá Baoulé kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú Yorùbá, ṣùgbọ́n bí ó bá ti kan ibi ẹkún, òun ló máa ń kọ́kọ́ wá aṣọ ìnujú.

Nítorí náà, nígbà tí mo wọlé tí mo ní, “Màámi, wọn ò yàn án o,” n kò mọ̀ pé mo ń dáná.

“Àwọn ta ni?”

“Àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́.”

Ó rò ó díẹ̀. “Ṣé àwọn náà ní ìyá?”

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Mo jókòó, mo kọ ìwé ẹ̀sùn sí ìgbìmọ̀ náà. Mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa: òtítọ́ ọ̀rọ̀, àṣìṣe inú ìpinnu, ohun tí a ń béèrè. Mo tọ́ka sí gbogbo ìran tí arúgbó náà ti ṣe dáadáa, mo fi wé ìran tí àwọn mìíràn ti ṣe bàjẹ́, mo dárúkọ ìpéǹpéjú, mo dárúkọ òkú tó ń mí. Ìwé náà dán, ó mú bí abẹ. Mo fi ránṣẹ́. Mo dúró, mo dúró, wọn kò dáhùn, mo sì ti ń múra àtifi ẹ̀sùn àìdáhùn kún ẹ̀sùn àkọ́kọ́ nígbà tí àbúrò mi obìnrin gba fóònù lọ́wọ́ mi tó kà á.

“Ẹ̀gbọ́n mi, Faransé lẹ fi kọ ọ́?”

“Èdè òfin ni.”

“Sí àwọn ará Èkó?”

Ojú ìwé mẹ́ta Faransé tó dán gbinrin ni mo fi ránṣẹ́ sí àwọn tí kò lè fi èdè náà ra omi mu. Àbúrò mi kò lè dúró mọ́, ó ń fi ògiri gbé ara ró, ẹ̀rín ń pa á lọ. Ṣùgbọ́n òun náà ló mú ìmọ̀ràn wá. Ó ní àmì-ẹ̀yẹ kan ṣì wà tí kò sí lọ́wọ́ ìgbìmọ̀, èyí tí àwọn òǹwòran fúnra wọn ń dìbò yàn. Ó ní kí a lọ bá ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Bouaké.

Alága ẹgbẹ́ wa nígbà náà ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù, ọkùnrin tó ga, tí ohùn rẹ̀ lè ṣí ilẹ̀kùn. Mo fi ibi ẹkún náà hàn wọ́n ní ìpàdé. Ṣé ẹ mọ̀ wá, ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu wọn kì í ṣe bí eré ṣe dára tó. Ìbéèrè wọn ni: ọmọ ilé ta ni? Alága tẹ́tí, ó di ojú, ó ní, “Ẹ gbọ́ bó ṣe ń fà á. Ọmọ ilé wa ni. Mo mọ bàbá rẹ̀, alápatà ni.” Ẹnì kan lẹ́yìn ní rárá, kì í ṣe alápatà, télọ̀ ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá òun ni. Ìyá kan ní òun ló pọn ọmọ náà lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Kí yìnyín inú bisáàpù, ìyẹn sóbò, tí à ń mu tó yọ́, obìnrin tí ẹnikẹ́ni kò rí rí ti ní bàbá méjì, àbúrò bàbá, àti gbèsè ẹran ọdún tí wọ́n ní bàbá rẹ̀ kò fún wọn. Èmi tí mo kọ́ òfin, tí wọ́n ti kọ́ pé kí n béèrè ẹ̀rí, kí ni mo ṣe? Mo gbé bírò, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀.

A ṣe fídíò. Alága wọ agbádá, àwọn àgbà tò sẹ́yìn rẹ̀, èmi sì ń ka ọ̀rọ̀ tí mo kọ. Mo sọ pé àwa ẹbí rẹ̀ ní Bouaké ń bínú. Mo sọ pé kò sí ohùn kan tó jáde lẹ́nu obìnrin yìí tí kì í ṣe ti Ògbómọ̀ṣọ́ pọ́ńbélé. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe eré. Ẹ tún gbólóhùn yẹn gbọ́. Mo ń bẹ̀bẹ̀ fún òṣèré kan kí wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ eré ṣíṣe, ẹ̀rí tí mo sì mú wá ni pé kò ṣeré. Kò sí adájọ́ láyé tí irú agbẹjọ́rò bẹ́ẹ̀ kò ní dùn mọ́ nínú.

Fídíò náà rìn. Àwọn olólùfẹ́ fíìmù gbé e káàkiri, àwọn kan bá wa bínú, àwọn kan bú wa, ẹnì kan béèrè pé ta ni Yorùbá tó ń gba imú sọ̀rọ̀ yìí. Mo dá a lóhùn ní ìpínrọ̀ mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, òṣèré fúnra rẹ̀ bọ́ sórí fóònù rẹ̀ níwájú gbogbo ayé. Kò tilẹ̀ bínú, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Ẹ bá mi kí àwọn ẹbí mi ní Bouaké o. Wọ́n mà ṣeun. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, tìyá tìbàbá. Àwọn ìyá àgbà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo lọ bá gbé, tí mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, kí n tó lè ṣe eré yẹn.”

Ní ọjọ́ kejì, ọjà ti gbọ́. Àwọn oníṣòwò Dioula tó ń ta aṣọ ní òdìkejì ọ̀nà ń fi orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá ké sí alága pé, “Anago, ọmọ rẹ ńkọ́? Ó kí ọ!” Wọ́n sì sọ ọ́ ní Bàbá Òṣèré.

Kò sẹ́ni tó láyà láti sọ ọ́ fún ìyá mi lọ́jà, ó ku èmi. Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni, ó ń múra ìpàdé. Mo ní, “Màámi, obìnrin yẹn kì í ṣe ọmọ ìlú wa. Ìjẹ̀ṣà ni.” Ó dúró pẹ̀lú gèlè lọ́wọ́. “Ìjẹ̀ṣà?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún ní, “Ìjẹ̀ṣà,” ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀ mọ́. Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń rò pé ìyá rẹ̀ tí kò rí sin, mo ti wá pa á lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú ẹnu mi tí kì í sinmi.

Ní ìpàdé, ojú alága le. Ó ní kí a yọ fídíò kúrò, kí ẹnikẹ́ni má dìbò mọ́. “Ọmọ Ìjẹ̀ṣà? Kí ló kàn wá níbẹ̀?” Mo fò dìde. Mo ní àìṣòdodo nìyí, mo ní bí ó bá jẹ́ pé Ìjẹ̀ṣà ni tó sì tan gbogbo yín jẹ báyìí, ìyẹn gan-an ni eré, ìyẹn gan-an ni àmì-ẹ̀yẹ wà fún. Òdodo ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo sọ nínú ẹjọ́ náà nìyẹn, ó sì pẹ́ jù.

“Amòfin,” alága ní, “jókòó. O ti bá wa rojọ́ tó.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo jókòó. Ibẹ̀ ni ìyá mi ti dìde láàárín àwọn obìnrin. Kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé.

“Bàbá Alága, ẹ kú ìjókòó. Ìyá tó bí mi, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni. Bàbá rẹ̀ ló kiri aṣọ dé Ògbómọ̀ṣọ́, tó jókòó síbẹ̀. Láti àárọ̀ dé alẹ́, bíi tiwa ni ìyá mi ń sọ̀rọ̀, ẹ ò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ń sunkún, ó ti padà sílé bàbá rẹ̀ nìyẹn. Nǹkan kan wà nínú ẹkún obìnrin yìí tí mo ti ń wá, mi ò mọ ohun tó jẹ́. Àárọ̀ yìí ni mo mọ̀ ọ́n. Èèyàn kì í yá èdè sunkún.” Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. “Bí ẹ bá lé e kúrò lọ́mọ ìlú, kí ẹ kọ orúkọ tèmi náà mọ́ ọn.”

Alága wo ilẹ̀, ó wo òrùlé, lẹ́yìn náà ni ohùn tó lè ṣí ilẹ̀kùn yẹn jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. “Ìyá Amòfin, ẹ jókòó. Ta ló ní Ìjẹ̀ṣà kì í ṣe ẹbí? Àna wa ni wọ́n!” Ilé bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ yọ fóònù yín jáde, ẹ jẹ́ ká dìbò fún àna wa.” Àwọn tí wọ́n ti jẹ́ bàbá rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n tún ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí a délé, ìyá Baoulé náà ní kí n bá òun dìbò.

Kò gba àmì-ẹ̀yẹ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ẹ̀wù kì í pẹ́ lára rẹ̀ ló gbà á, mo sì ti ní ẹ̀sùn lórí ìyẹn náà, ẹ̀sùn tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, tí mo ṣì lè rò fún ẹni tó bá ní àyè. Ìyá mi kò béèrè ẹni tó gbà á. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó jókòó ti fíìmù rẹ̀, nígbà tó kan ibi ẹkún, ó kàn ní, “Ẹ kú ilé o, Ìyá mi.”

Ọdún ti gorí ọdún. Mo ti rí iṣẹ́, mo ń gbẹjọ́ àwọn ẹlòmíràn rò, wọ́n sì ń sanwó fún ohun tí mo máa ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà kan. Lọ́dọọdún tí wọ́n bá gbé orúkọ àwọn òṣèré jáde, mo ṣì máa ń kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, inú á sì bí mi. Faransé ni mo fi ń bínú. Dioula ni mo fi ń nájà. Yorùbá tó ń gba imú yìí ni mo fi ń kí ìyá mi láàárọ̀. Ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ náà máa ń padà sí mi lọ́kàn, mo sì máa ń bi ara mi pé èwo nínú wọn ni n ó fi sunkún. N kò tíì mọ̀ ọ́n. Ìyá mi ṣì ń bẹ láyé, ó wà nínú ilé báyìí tó ń pè mí kí n wá dá fíìmù padà fún òun. N kò kánjú àtimọ̀.