Ògùrọ̀ Etí Kòtò Yangí

Ẹ sún mọ́ mi níbí. Ẹni tó bá rí àpótí, kó jókòó lé e. Ẹni tí kò rí, kó na ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ omi ni mo fẹ́ sọ, omi kì í sì í kánjú tó bá ń wá ọ̀nà gba inú amọ̀.

Kòtò kan wà láàárín Ìkirè àti Àpòmù, níbi tí àwọn oníṣẹ́ títì ti wa yangí. Orí ilẹ̀ tí bàbá mi, ará Ògbómọ̀ṣọ́, tọrọ dáko ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí. Nígbà tí katapílà wọn lọ, ihò pupa ló kù. Omi inú rẹ̀ pọ́n bí epo, koríko kò hù níbẹ̀. Ìgbà tí àwọn sójà gba ìjọba padà ni bàbá mi kú, ó wá kan èmi àti ìyàwó mi. Oko kò sí mọ́. A ní ká sọ kòtò náà di àkùrọ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn kan gbáko la fi ru ilẹ̀ dúdú láti ipadò wá dà sí i. A da ewé jíjẹrà lé e, a darí odò kékeré kan wọ inú rẹ̀, a sì fi amọ̀ mọ ògiri sí apá ìsàlẹ̀ kí omi má baà sá lọ. Kò pẹ́, àkèré ń ké, lékèélékèé ń bà síbẹ̀. Ìyàwó mi gbin tẹ̀tẹ̀ yí i ká.

Ṣùgbọ́n kòkó onílẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ ògiri wa. Baba onílẹ̀ wá wò ó, ó fi ọ̀pá gún amọ̀. "Ọjọ́ tí omi yín bá dé ìdí kòkó mi, ẹ di ẹrù yín."

Òjò àkọ́kọ́ wọ́ eèsún tí a gbìn sórí ògiri lọ. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í sun níbẹ̀. Gbòǹgbò ògùrọ̀ nìkan ló lè mú un, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé àtọ̀húnrìnwá kì í gbin igi sórí ilẹ̀ onílẹ̀. Iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́, kò sí ìjà. Ẹni tó bá gbin igi ti ń sọ pé òun lòun ni ilẹ̀.

"Tá a bá gbìn ín, wọ́n á lé wa," mo wí.

"Tá ò bá gbìn ín, omi á lé wa. Èwo lẹ fẹ́ kó lé wa, baálé mi?"

A hú ọmọ ògùrọ̀ létí odò, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn. Òjò ti ṣú lápá Orílẹ̀-Òwu nígbà tí Baba yọ, tòun ti àdá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, ń tọ̀ ọ́ bọ̀ lẹ́yìn, ó di ìbàdí mú.

"Igi!" Baba pariwo. "Igi lórí ilẹ̀ baba mi! Lọ́la wàá kọ́lé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí i!"

Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Ẹ má bínú, Baba. Ògiri la fẹ́ kó dì mú."

Ó fa ọ̀kan tu, ó jù ú nù. Bó ṣe tẹ ojú ibẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ rì dé orúnkún, omi sì tú jáde lábẹ́ rẹ̀, ó dojú kọ kòkó. Òjò bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó mi ju àpò iyanrìn sí ẹnu ihò náà, èmi fara tì í.

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Dúró síbẹ̀ o, àbúrò. Ìwọ náà ti di igi." Ó he èyí tí Baba jù nù. "Ta ló ni ilẹ̀ yìí?"

"Àwa ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Èmi ńkọ́? Ṣé wọ́n he mí ni?"

Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú òjò, ó fọwọ́ ara rẹ̀ tún gbogbo ọmọ ògùrọ̀ náà gbìn, títí kan èyí tí a ti gbìn tẹ́lẹ̀.

"Èmi ni mo gbìn ín. Igi tèmi, ẹ̀fọ́ tiwọn. Ta ló tún ní ẹjọ́?"

Baba wo kòkó rẹ̀, ó wo omi. "Ẹ kọ́kọ́ fà mí yọ ná."

Àpò iyanrìn ló gbé wa dé òpin òjò ọdún yẹn. Ojú wa ò sì kúrò lára ògiri náà. Nígbà tí òjò ọdún kejì fi dé, gbòǹgbò ti dì í.

Baba àti Ìyá, àwọn méjèèjì ti lọ sọ́run. Ọmọ Baba ló jogún kòkó. Ògùrọ̀ di ti àwọn ọmọ Ìyá, àwọn ló ń dá ẹmu níbẹ̀. Ẹ̀fọ́ bọ́ sọ́wọ́ ọmọbìnrin mi, Àpòmù ló ń tà á sí. Ẹja inú omi, ẹni tó bá tètè jí ló ni ín. Ilẹ̀ ṣì jẹ́ ti onílẹ̀, a ṣì ń ru iṣu ìṣákọ́lẹ̀ lọ fún wọn lọ́dọọdún.