Egbére Tí Mo Rà ní Gbàǹjo

Ìyá ọkọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn mọ gbàǹja, èmi mọ gbàǹjo. Obì gbàǹja ni wọ́n ń tà. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ijoku, ní Ṣàgámù, tí wọ́n ń ṣa obì sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n tẹ́ ewé sí. Aránṣọ ni èmi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbọ́ pé ẹnì kan fẹ́ ta ẹrù ilé rẹ̀ ní gbàǹjo kó tó kúrò nílùú, ẹsẹ̀ mi kì í gbélẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ á dúró, oníbàárà á dúró, èmi á ti dé ibẹ̀.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, àwọn òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ títì márosẹ̀ ń palẹ̀ mọ́. Ibi tí wọ́n ń gbé kò jìnnà sí oríta ńlá tí mọ́tò ti ń yà wọ Ṣàgámù. Wọ́n ń ta kọ́tìnnì, dígí, àga, àti ìkòkò tí wọ́n ń gbin fúláwà sí, bàbá ọdẹ wọn ló sì ń bá wọn tà á. Mo ti ra kọ́tìnnì, mo ti ra ìkòkò méjì, mo ti ń lọ, kí n tó rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri: ọkùnrin kúkúrú kan tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ, tí kò ga ju orúnkún mi lọ. Irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, fìlà rẹ̀ pupa, ó rí ṣóńṣó, ó sì gbé nǹkan kan tí wọ́n ká róbótó lé èjìká. Àwọn òyìnbó a máa gbé irú rẹ̀ sáàárín fúláwà fún ẹ̀wà. Lójú ẹsẹ̀ ni ọkàn mi ti fà sí i.

Ẹni tó bá mọ ọjà ná kì í jẹ́ kí ọlọ́jà mọ̀ pé nǹkan wu òun. Àbùkù la fi ń ná an. Mo yínmú.

"Bàbá, ta ni yóò gbé egbére yìí sílé? Ẹ wo ẹní lórí èjìká rẹ̀!"

Bàbá ọdẹ fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ìyàwó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣọ́ ibí, mi ò pè é ní nǹkan kan. Iye tó bá wù yín ni kí ẹ fi gbé e."

Mo rẹ́rìn-ín sínú, mo rò pé ọjà ni mo mọ̀ ọ́n ná. Òun ló bá mi gbé e sínú búùtù takisí, ó sì ń wo ikùn mi bó ti ń gbé e. Oyún oṣù méje ló wà nínú mi nígbà náà.

Mo ti ri àwọn ìgò òfìfo mọ́lẹ̀ yí ọgbà kékeré iwájú ilé wa ká, ìdí wọn lókè. Mo ti kun táyà àlòkù ní ọ̀dà funfun, fúláwà sì ń hù nínú rẹ̀. Àárín wọn ni mo gbé ọkùnrin mi sí. Mo jìnnà sẹ́yìn, mo wò ó, inú mi dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́.

Ọ̀sán ni ìyá ọkọ mi ti Ibido dé, níbi tí wọ́n ti lọ ra obì. Apẹ̀rẹ̀ orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́.

"Kí rèé? Méè rírú ẹ̀ rí! Ìyàwó, egbére lo gbé wálé?"

Ọ̀rọ̀ náà bà mí lẹ́rù, nítorí pé ẹnu èmi ló ti kọ́kọ́ jáde. Kò sí ọmọ ilẹ̀ wa tí kò gbọ́ ìtàn egbére, iwin kúkúrú tó ń gbé ẹní rìn nínú igbó, tó sì ń sunkún kiri. Ẹni tó bá lè gba ẹní náà, tó sì lè fara da ẹkún rẹ̀, ọlọ́rọ̀ ni yóò dà. Ṣùgbọ́n aláboyún kò gbọdọ̀ bá irú wọn pàdé, pàápàá lọ́sàn-án gangan, kí wọ́n má baà pààrọ̀ ọmọ inú rẹ̀.

Ká ní oyún àkọ́kọ́ nìyẹn ni, ǹ bá fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti bí ọmọ kan ṣáájú. Kò ké. Agbẹ̀bí gbá a nídìí, ó wọ́n omi tútù sí i lára, ó dojú rẹ̀ kọlẹ̀, ọmọ náà kò ké. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá.

"Ẹ jẹ́ ká gbé e jù nù, màmá," ni mo wí.

"Ta ni yóò gbé e? A kì í lé egbére. Ẹni tó bá lé e, ẹ̀yìn ẹni náà ni yóò tọ̀. Jẹ́ kí ọkọ rẹ dé."

Ọkọ mi ló ń wa ọkọ̀ tó ń kó obì lọ sí Òkè Ọya, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tí yóò dé. Ìyá rẹ̀ fi pín-ìnnì há etí ìró mi, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ yọ ọ́, bí mo bá tilẹ̀ ń sùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òjò rọ̀, ó sì dá. Oòrùn yọ, ó mú ganrínganrín. Nígbà tó di ọ̀sán, mò ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ni mo bá gbójú sókè. Ilẹ̀ ti gbẹ, ewé ti gbẹ, irùngbọ̀n rẹ̀ nìkan ló tutù. Omi ń jáde nínú ihò ojú rẹ̀ méjèèjì, ó ń kán sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Egbére mi ń sunkún.

N kò mọ bí mo ṣe dé yàrá. Ìyá ọkọ mi lọ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wò ó, wọ́n ní "Bísímílà," wọ́n sì ti fèrèsé. Ká ní wọ́n bú mi pé ojú mi ló ń ṣe mí ni, ara ìbá tù mí. Wọn kò bú mi. Ìyẹn ló já mi láyà jù.

Láti ọjọ́ náà, inú ooru ni mo ń ránṣọ, fèrèsé ní títì. Ìyá ọkọ mi gbé apẹ̀rẹ̀ obì wọn kúrò ní àyè wọn, wọ́n jókòó sáàárín ọ̀nà gan-an, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí èmi, wọ́n kọjú sí egbére náà. Bí òjò bá ti rọ̀, á sunkún. Lọ́jọ́ kan, ọmọ inú mi kò mira láti àárọ̀. Mo mu omi tútù, mo fọwọ́ ra ikùn, mo bẹ̀ ẹ́ títí ohùn mi fi há. Ó mira lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù náà kò lọ mọ́.

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá láàárọ̀ ọjọ́ tí ìrọbí mú mi. Takisí ti dúró, ọ̀nà kan ṣoṣo tó wà sì gba ẹ̀gbẹ́ egbére náà kọjá.

"Má wo ibẹ̀," ni ìyá ọkọ mi wí.

N kò wò ó, ṣùgbọ́n mo gbọ́ bí omi ṣe ń kán. Wọ́n tì mí wọ ọkọ̀, wọ́n sì padà sẹ́yìn. Ohun tí mo tún gbọ́ ni gbà! Lẹ́ẹ̀kan sí i, gbà! Nígbà tí wọ́n dé, ọmọ ọlọ wà lọ́wọ́ wọn, òógùn bò wọ́n, wọ́n sì ti so etí ìró wọn ní kókó. Wọn kò sọ ohun tí wọ́n ṣe. Mo gbà pé wọ́n ti fọ́ ọ ni, àwọn tó ní a kì í lé egbére. Títí a fi dé ilé ìwòsàn, ẹ̀yìn mọ́tò ni mò ń wò, bóyá ó ń tọ̀ wá bọ̀.

Ọmọ náà jáde. Yàrá pa rọ́rọ́. Mo mọ ìdákẹ́jẹ́ yẹn, mo ti gbọ́ ọ rí, n kò sì fẹ́ gbọ́ ọ mọ́. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Agbẹ̀bí ló fa ọwọ́ mi kúrò.

Ẹkún ni mo gbọ́. Ẹkún kíkan, tó ń bínú, tó gba gbogbo yàrá.

Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí ìyá ọkọ mi wọlé, wọ́n tú kókó etí ìró wọn. Òkúta róbótó tó wà léjìká ọkùnrin sìmẹ́ńtì náà ló wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n ti kán an ṣì funfun.

"Ẹní ẹ̀ nìyí," ni wọ́n wí, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú pinpin. "Mo gbà á. Wọ́n ní ẹni tó bá gbà á á lówó, bó bá lè fara da ẹkún. Mo sọ fún un pé owó kọ́ ni mo wá. Ẹkún yẹn gan-an ni mo wá."

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ẹ̀rù tó ń bà mí ń bà wọ́n, wọ́n sì tún lọ bá a.

Nígbà tí ọkọ mi dé, ó gbé ọkùnrin náà dojú dé, omi sì ya jáde láti orí rẹ̀. Inú rẹ̀ ṣófo, fìlà rẹ̀ ti sán, ibẹ̀ ni òjò ń gbà wọlé. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí. Ìyá rẹ̀ kò bá a rẹ́rìn-ín, èmi náà kò rẹ́rìn-ín.

Ọmọ náà ké fún oṣù mélòó kan. Kò sí ohun tí a fi rẹ̀ ẹ́ tó gbọ́. Àwọn ará ilé ń ráhùn, ọkọ mi ń dí etí, ìyá rẹ̀ á pọ̀n ọ́n, wọ́n á máa ṣa obì wọn lọ.

"Ẹ jẹ́ kó ké. Ọjà mi ni. Èmi ni mo ná an."

Ìyá ọkọ mi ti kú tipẹ́. Ẹní sìmẹ́ńtì náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí mi. Mo ṣì ń lọ sí gbàǹjo, ṣùgbọ́n n kì í fi àbùkù ná ọjà mọ́. Ọmọ náà ti di onílé tirẹ̀. Bó bá wá kí mi, láti ìta ni yóò ti máa pariwo bọ̀, ara mi á balẹ̀. Ìgbà tó bá dákẹ́ nínú yàrá ni mo máa ń dìde lọ wò ó.