Ẹ Pa Á, Kí Ẹ Wọlé

Bí mo bá fi ẹyọ irọ́ kan kún ìtàn yìí, kí gègé tí mo fi ń kọ ọ́ kọ ẹ̀yìn sí mi. Ohun tí ojú mi rí wà nínú rẹ̀, èyí tí ojú mi kò rí, ẹnu ẹni tí ó rí i ni mo ti gbọ́. Èmi tí mò ń kọ ọ́ yìí, kò sí olùkọ́ tí ó kọ́ mi ní A. Ara páálí ọṣẹ ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, síbẹ̀ àwọn tí ó lọ sí yunifásítì ń mú lẹ́tà wọn wá kí n bá wọn tún un ṣe. Nítorí náà, ẹ gbà mí gbọ́.

Onígbàjámọ̀ kan wà ní àdúgbò wa tí a ń pè ní Ẹ̀fúùfù. Orúkọ náà kò bá a wáyé o, mọ́tò ló fún un. Kí ó tó ní mọ́tò, jẹ́jẹ́ ló ń rìn, jẹ́jẹ́ ló sì ń gẹrun. Bí abẹ rẹ̀ bá ti ń lọ lórí èèyàn, onítọ̀hún á sùn lọ. Ó ní ìyàwó kan, ó ní ọmọbìnrin kan tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ kúrò. Ilé rẹ̀ tòrò bí omi àfòwúrọ̀pọn.

Àfi ìgbà tí ó ra mọ́tò asáré lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí ó ń kó lọ sí ilé ọmọ rẹ̀. Ìjókòó méjì péré ló ní, imú rẹ̀ gùn bí imú ajá ọdẹ. Ó ti pọ́n nígbà kan rí, ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi dé ọwọ́ Ẹ̀fúùfù, ó ti ṣá bí aṣọ tí wọ́n sá sóòrùn tí wọ́n gbàgbé. Ó kúrú débi pé adìẹ ní í máa bojú wo ẹni tí ó bá wà nínú rẹ̀ láti òkè. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì yẹn bá bú, abọ́ á máa jó lórí tábìlì ní òpópónà kejì. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ó bá ẹyẹ sáré. Ẹyẹ ló kọ́kọ́ sinmi.

Mo bi í pé kí ni onígbàjámọ̀ fẹ́ fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, láti kékeré mi, ẹ̀yìn orí àwọn èèyàn ni mò ń wò. Bí mo bá wà nínú mọ́tò yìí, ẹ̀yìn orí tèmi ni wọ́n ń wò.”

Èmi tí èsì kì í wọ́n lẹ́nu mi, mo fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn orí tèmi.

Kò pẹ́ tí sítátà tí ń jí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jóná. Mẹkáníìkì rẹ̀, Gíríìsì, ẹni tí a kò tíì mọ àwọ̀ ara rẹ̀ gan-an láti ọjọ́ tí a ti mọ̀ ọ́n, wá òmíràn kiri títí. Ó ní àwọn tí ó ń rọ irú rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ wọn náà sì ti fẹ̀yìn tì. Ó ní kí wọ́n kúkú yọ ẹ́ńjìnnì náà, kí wọ́n fi ti ọkọ̀ tí gbogbo ayé ń lò sí i. Ẹ̀fúùfù bi í bóyá bí ìyàwó rẹ̀ bá ń wúkọ́, orí ẹlòmíràn ni yóò fi rọ́pò tirẹ̀. Wọn kò sọ ọ́ mọ́.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Kí ó máa gbé mọ́tò sí orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ó jẹ́ kí ó yí lọ sísàlẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó wá ki jíà bọ̀ ọ́ kí ẹ́ńjìnnì lè jí. Ẹ ó ní kí ló dé tí wọn kò máa tì í. Ìpẹtà ti jẹ ẹ̀yìn rẹ̀ tán, ọ̀dà ló kàn so ó ró. Géńdé kan gbìyànjú rẹ̀ lójú mi, ọwọ́ rẹ̀ wọ inú mọ́tò dé ìgúnpá, agbára káká ni a fi fà á yọ.

Báyìí ni Ẹ̀fúùfù ṣe di ẹrú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ó kó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ sí ojú títì tí ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àga oníbàárà fì tẹ̀lé e, orí tí ó bá gẹ̀ níbẹ̀ á sì fì sápá òsì. Àlejò tí ó bá wọ àdúgbò wa á rò pé afẹ́fẹ́ kan ló ń fẹ́ tí òun kò tíì gbọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ilé rẹ̀ bá wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, wọ́n ti pínyà nìyẹn. Nígbà tí ó yá, ó kó aya àti ọmọ lọ sí yàrá kan lórí òkè, níbi tí omi ẹ̀rọ kò lè gùn dé. Ìyàwó ní í máa ru omi gòkè láràárọ̀. Bọ́ọ̀lù ọmọ kò dúró nínú yàrá rí, ojú ọ̀nà ló ń yí lọ.

Lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ ìyàwó yọ̀ nínú ẹrẹ̀, òun ṣubú, korobá yí lọ sísàlẹ̀, ó lọ gbá mọ́tò. Ẹ̀fúùfù sáré jáde. Ìyàwó na ọwọ́ sí i láti ilẹ̀. Ọkọ kọjá lára rẹ̀, ó lọ bẹ̀rẹ̀ wo ibi tí korobá ti họ ọ̀dà.

Obìnrin náà kò pariwo. Lọ́jọ́ kejì ó di ẹrù, ó mú ọmọ, ó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí ilé rẹ̀ wà lẹ́bàá odò, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ bí àtẹ́lẹwọ́.

Ẹ̀fúùfù ń lọ wò wọ́n o, ṣùgbọ́n kì í pa ẹ́ńjìnnì. Á dúró lẹ́nu géètì, á yọ orí lójú fèrèsé mọ́tò, Gíríìsì á sì wà lórí ìjókòó kejì nítorí àìmọ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó sọ ọ́ ní Ọkọ Ẹnu Géètì. Ọmọ á máa fi igbe ròyìn ilé ìwé fún un, ìdajì ni yóò gbọ́, á máa mi orí sí gbogbo rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti fẹ́ gbóná, Gíríìsì á tẹ̀ ẹ́ lórúnkún, wọ́n á lọ.

Ní ọjọ́ kan, ìyàwó fúnra rẹ̀ jáde wá. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti rí ṣọ́ọ̀bù ní ìlú míràn, gbogbo ilé ń kó lọ ní Àbámẹ́ta. Òun kò fẹ́ bá wọn lọ bí òun àti ọkọ òun bá lè jókòó sọ̀rọ̀.

“Bàbá ọmọ mi, ẹ pa á, kí ẹ wọlé.”

“Bí mo bá pa á níhìn-ín, kò ní jí mọ́.”

“Kí ó má jí. Ṣé ẹ̀yin náà kò ní jí ni?”

Ẹ̀fúùfù wo aago tí ó ń wọn ìgbóná ẹ́ńjìnnì níwájú rẹ̀. Ó ní òun á wá ní Àbámẹ́ta, òun nìkan, òun á pa á.

“Ó dáa,” ni obìnrin náà wí. “Ẹ máa lọ, kó má baà gbóná.”

Gíríìsì sọ fún mi pé obìnrin náà kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní èyí ló ba òun lẹ́rù.

Nígbà tí Àbámẹ́ta dé, Ẹ̀fúùfù fi Gíríìsì sílẹ̀ nílé kí ìjókòó lè ṣófo fún aya àti ọmọ. Ó yí kúrò lórí òkè, ó dé pẹ̀tẹ́lẹ̀, ó wọ inú géètì lọ tààrà, ó sì yí kọ́kọ́rọ́ pa. Ó sọ fún mi pé ìgbà yẹn ni òun kọ́kọ́ gbọ́ pé ẹyẹ wà ní àdúgbò náà.

Ilẹ̀kùn kò tì. Wọ́n ti gbá yàrá mọ́. Aládùúgbò kan sọ pé ọkọ̀ ẹrù ti tètè dé ní ọjọ́ Ẹtì, awakọ̀ kò sì lè dúró. Lára ògiri, ọmọ ti fi ṣọ́ọ̀kì ya bàbá rẹ̀: orí kan lójú fèrèsé. Kò ya ẹsẹ̀ sí i.

Gíríìsì fẹsẹ̀ rìn wá a lọ, ó bá a nínú mọ́tò. Ó ní kí àwọn fi okùn fà á lọ sókè, ó kọ̀. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ó háyà ilé náà, inú ọgbà rẹ̀ ló ti ń gẹrun báyìí. Orí àwa oníbàárà rẹ̀ ti gún, koríko ti bo táyà, adìẹ ń yé sí búùtù.

Èmi fúnra mi lọ bá a. Èmi tí mo ti parí ìjà tí adájọ́ sá fún, mo sọ fún un pé bọ́ọ̀sì ń lọ láràárọ̀ sí ìlú tí aya àti ọmọ rẹ̀ kó lọ. Mo sọ̀rọ̀ débi pé òkúta ìbá dìde. Ó fọ abẹ rẹ̀, ó nù ún.

“Ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n bá padà, ibí ni wọ́n ń bọ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n bá a ní pípa.”

Bí ẹnikẹ́ni bá ní irọ́ ni mo pa, Gíríìsì mẹkáníìkì wà láyé, ara rẹ̀ sì le. Lọ́jọ́ ìsinmi, bí ẹ kò bá bá a nílé, ẹ lọ sí ilé ẹ̀bá odò yẹn. Orí ìjókòó kejì ni ẹ ó ti bá a, níbi tí ó ti máa ń bá Ẹ̀fúùfù jókòó. Ẹ bi í.