Ìwé Tí Màmá Mi Kọ Nípa Obìnrin Faransé

Kò sí ẹni tó ń pe màmá mi lórúkọ ní Hyattsville, ìlú òyìnbó tí à ń gbé. Ọdún ẹgbẹ̀rún méjì ti kọjá díẹ̀ nígbà tó wá bá mi gbé lẹ́yìn ikú bàbá mi, Màmá sì ni gbogbo wa ń pè é: èmi, ọkọ mi, àwọn ọmọ mi, àlùfáà wa, títí kan dókítà ọmọ Nàìjíríà tó ń tọ́jú àìsàn ọkàn rẹ̀. Ọmọ Yorùbá wo ló máa la ẹnu pe àgbàlagbà lórúkọ? Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn, mi ò sì rí ohun tó burú níbẹ̀, àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ ìwé dé.

Tíṣà èdè Faransé ni màmá mi n'Íbàdàn. Òǹkọ̀wé Faransé kan wà, obìnrin tó gbé ayé ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, tó máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún wa bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àǹtí wa kan. Bàbá obìnrin náà kú nígbà tó wà ní kékeré, ìyá bàbá rẹ̀ ló tọ́ ọ lábúlé. Wọ́n fà á fún ọkọ nígbà tí ojú rẹ̀ kò tíì là. Nígbà tó sú u, ó fi ọkọ sílẹ̀, ó gba Páríìsì lọ, ó wọ ṣòkòtò kó lè wọ ibi tí wọn kì í jẹ́ kí obìnrin dé, ó sì yan orúkọ ọkùnrin tó ń fi sára ìwé rẹ̀. Ó ń kọ̀wé mọ́jú ni. Gègé yẹn ló fi bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, ó fi bọ́ ilé, ó tún fi bọ́ àwọn tó kàn ń wá jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó dàgbà, ó padà sábúlé, ó ń kọ̀tàn nípa àwọn àgbẹ̀, ó ń tọ́jú aláìsàn, ó ń pàlọ́ fún ọmọ-ọmọ. Ohun tó dun màmá mi jù ni pé lẹ́yìn tó kú tán, ṣòkòtò tó wọ̀ àti ọkùnrin tó fẹ́ ni aráyé ń rántí. Ìwé ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ka ẹyọ kan.

Kí wọ́n tó bí mi ni màmá mi ti fi Yorùbá kọ ìwé pẹlẹbẹ kan nípa rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní ìyàwó ilé kò gbọdọ̀ fi orúkọ ara rẹ̀ kọ̀wé nípa obìnrin tó kọ ọkọ, kí wọ́n má baà ní ilé tirẹ̀ náà ti ń jó. Bí wọ́n ṣe fi orúkọ bàbá mi sí i nìyẹn. Bàbá mi kì í ṣe èèyàn burúkú o. Bí àlejò bá mú ìwé náà lọ́wọ́, á ní ìyàwó òun ló kọ ọ́. Àlejò á rẹ́rìn-ín, á ní bàbá yìí mọ ìyàwó kẹ́. Èmi náà fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ kan, mo ní ó ṣáà bára mu, obìnrin Faransé náà jẹ́ orúkọ ọkùnrin. Màmá mi ò rẹ́rìn-ín.

“Òun fúnra rẹ̀ ló yan tirẹ̀,” ó ní. “Èmi, wọ́n yàn án fún mi ni.”

Ní ọjọ́ ìsìn àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Landover, wọ́n ní kí Màmá bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀. Obìnrin Faransé yẹn ló sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹnì kan dìde, ó bèèrè bóyá ẹni tó kọ ọkọ ló yẹ ká fi ṣe àwòkọ́ṣe fáwọn ọmọbìnrin wa. Màmá ní òun ò ní kí ẹnikẹ́ni kọ ọkọ, òun ní kí wọ́n wo ẹni tó ṣiṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dójú ikú. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára. Ìyá Ẹgbẹ́, olórí àwọn obìnrin wa, ní àwọn máa tún ìwé tí Màmá kọ nípa rẹ̀ tẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ Yorùbá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí à ń lọ sílé, Màmá sọ fún mi nínú mọ́tò pé òun ò fẹ́ nǹkan míì mọ́ láyé yìí, kí wọ́n ṣáà kọ orúkọ òun sí i. Dókítà ti sọ fún wa nígbà yẹn pé ọkàn rẹ̀ kò lè gbé e jìnnà. Mo kọ orúkọ náà gàdàgbà-gadagba sórí ìwé, mo fi lé Ìyá Ẹgbẹ́ lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Ìyá Ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ gbé àwọn páálí ìwé wá sílé wa, tayọ̀tayọ̀. Mo já ọ̀kan. Iwájú ìwé dára, ó ń dán. Ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ ni: Láti Ọwọ́ Màmá Wa Ọ̀wọ́n. Mo ṣí i síwá sẹ́yìn, kò sí orúkọ níbì kankan. Mo bi Ìyá Ẹgbẹ́ pé orúkọ tí mo kọ fún un dà.

Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá. Ẹnu yà á pé mo lè bèèrè. “Màmá, ta ni mo jẹ́ tí màá kọ orúkọ yín gbalaja síta, kí àwọn ọmọdé máa pè é?”

Tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ká ní ìkà ni, ǹ bá mọ ohun tí mo máa fi dá a lóhùn. Àpọ́nlé ni, kí lẹ máa fi bá àpọ́nlé jà? Síbẹ̀ mo sọ̀rọ̀, mo sọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí n sọ, títí Màmá fi gbọ́wọ́ sókè. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Ẹgbẹ́, ó ṣàdúrà fún un, ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Lẹ́yìn náà ó ní kí n fún òun ní bírò. Ó mú ìwé kan, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ yẹn, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ó pẹ́ kó tó kọ ọ́ tán. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ti lo oògùn tán, ó di ìdí fèrèsé tó kọjú sí ibùdókọ̀, á máa kọ ọ́ sára àwọn ìwé tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ míì, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ ní Suitland dé, ẹyọ kan péré ló rí kọ. Àkọ́bí mi obìnrin, tó wà ní yunifásítì nígbà yẹn, ò lè wò ó mọ́. Ó ní kí ìyá àgbà jẹ́ kí òun bá a kọ ìyókù, ọwọ́ ìkọ̀wé òun dára.

Màmá ò gbójú sókè. “Rárá,” ó ní. “Wọ́n ti bá mi kọ ọ́ rí.”

Nígbà tí ewé ń wọ́ lọ́dún yẹn, ó kú. Ó dùn mí, ó sì ń dùn mí di bí mo ṣe ń wí yìí. Àwọn tó kọ orúkọ sí, níbi ìsìnkú rẹ̀ ni mo ti pín wọn. Ó ku páálí kan tí kò fọwọ́ kàn. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, Ìyá Ẹgbẹ́ pè mí lórí fóònù, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pé àwọn ọmọ tuntun ti wọ kíláàsì. Ó ní òun ti ṣe òǹtẹ̀ orúkọ Màmá, kí n kó ìyókù wá kí àwọn lù ú sí i. Mo mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ló fi ń bẹ̀ mí.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní ìwé màmá mi ti tán.